Ẹni Tí Iná Jó àti Ẹni Tí Ń Tọ́jú Rẹ̀

Bí a bá fẹ́ sọ ìtàn iná ní Ilé-Ifẹ̀, ọ̀nà ògo ni a máa ń gbà wọ̀ ọ́. A ó mẹ́nu ba Igbó Olókun, níbi tí àwọn baba ńlá wa ti ń yọ́ gíláàsì nínú ìkòkò amọ̀ láti fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Leo Frobenius, ará Jámánì, dé ibẹ̀ ní 1910, ẹnu sì yà á. Ní ọ̀rúndún tí a wà yìí ni Babatunde Babalola, awalẹ̀pìtàn ọmọ ilẹ̀ wa, tún wa ilẹ̀ igbó náà tí ó sì fi hàn gbangba pé Ifẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ṣe gíláàsì náà, a kò kó o ti òkè òkun wá. A ó tún mẹ́nu ba àwọn orí onídẹ tí wọ́n hú ní àgbàlá Wúnmọníjẹ̀ ní 1938. Bàbà kì í yọ́ àfi bí ooru iná bá tó 1,084 ní ìwọ̀n Celsius. Ẹni tí ó bá ti dúró nídìí ẹwìrì rí mọ̀ pé níbi tí irú iná bẹ́ẹ̀ bá ń jó, kò sí bí kò ṣe ní í ta sí ènìyàn lára. Orí ọba wà títí dòní, a ń fi í ṣe àfihàn kiri ayé. Ẹni tí bàbà gbígbóná dà sí lọ́wọ́ kò sí nínú ìtàn náà, ẹni tí ó sì jókòó tì í lóru tí ó ń fẹ́ ẹ ní abẹ̀bẹ̀ kò sí níbẹ̀ rárá. Ìtàn ẹni ìkẹyìn yìí ni ó wù mí láti kọ.

Yorùbá ya ìwòsàn sọ́tọ̀ sí ìtọ́jú. Oògùn lè wo àrùn sàn, ọ̀bẹ dókítà náà lè wò ó sàn, ṣùgbọ́n ènìyàn ni ó ń tọ́jú ènìyàn, ojú sì wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Nínú gbogbo ohun tí ó ń ṣe ọmọ aráyé, n kò mọ èyí tí ó fi ìyàtọ̀ yìí hàn tó ìjóná. Ẹni tí iná jó lè rí dókítà tí ó mọ̀ jù lọ ní Nàìjíríà ní òwúrọ̀, kí ó sì kú ní òru nítorí pé kò sí ẹni tí ó wo bí ó ti ń tọ̀.

A ní òwe kan tí ó le: bí iná bá ń jó ni, tí ó ń jó ọmọ ẹni, ti ara ẹni ni a ń kọ́kọ́ gbọ̀n dànù. Òtítọ́ ni, kò sì sí ẹ̀bi níbẹ̀, bí a ti dá ènìyàn ni. Ẹ fi òwe náà sọ́kàn, n óò padà sí i.

Kí ilé ìwòsàn tó dé, ohun tí ó bá wà ní ilé ni a ń lò fún ẹni tí iná jó. A ń fi òrí tàbí àdín pa á. A ń fi oyin kùn ún. A ń fọ́ ẹyin lé e, a ń da ògì tútù sí i, a ń gún ewé. Nígbà tí mọ́tò dé, àwọn kan fi ọ́ìlì mọ́tò kún un. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi nǹkan wọ̀nyí ṣe yẹ̀yẹ́, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni torí pé ó jẹ́ àṣà gbè wọ́n lẹ́yìn láìyẹ̀ wọ́n wò. Oyin ní agbára lóòótọ́. Ó ń dí kòkòrò àrùn lọ́wọ́, àwọn oníṣègùn òde òní sì ti lò ó fún egbò iná, ó sì jẹ́. Ògì náà ní ọgbọ́n tirẹ̀, nítorí pé ó tutù, ìtutù sì ni awọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jó ń fẹ́. Ṣùgbọ́n omi mímọ́ tí ó ń ṣàn, fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, ṣe iṣẹ́ náà jù ú lọ láìfi ohunkóhun sílẹ̀ sínú egbò. Ẹyin tútù àti ògì ń gbé kòkòrò wọ ojú iná. Òrí àti epo, bí a bá tètè fi wọ́n sí i, ń há ooru mọ́ inú awọ. Ní ti ewé, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan kí n tó kọjá: ní Íńdíà, àwọn oníṣègùn kan ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ti sè mọ́ bo ojú iná, nítorí pé kì í lẹ̀ mọ́ egbò bí gọ́ọ̀sì. Àwa tí a ti ń fi ewé pọ́n ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀ láti ayébáyé, tí a mọ ewé tí ń ṣí kúrò lára oúnjẹ láìmú nǹkan kan lọ, ó yẹ kí ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì wa yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò.

Ibi tí ó dùn mí jù nínú àṣà wa ni ibi tí a ti fi iná fúnra rẹ̀ ṣe oògùn. Bí gìrì bá mú ọmọdé, àwọn kan gbà pé bí a bá na ẹsẹ̀ rẹ̀ sí iná, ìrora yóò pe ọmọ náà padà sáyé. Àwọn dókítà Ìbàdàn àti Iléṣà rí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, tí gìrì ti fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n tó dé, tí ẹsẹ̀ wọn sì ti di egbò. Ibà ni ó sábà máa ń fa gìrì náà, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì lọ. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ tí ó jó kò ní í hù. Ti wárápá tún wà níbẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n B. O. Osuntokun ti Ìbàdàn, tí ó ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lórí àrùn ọpọlọ láàrin àwọn ènìyàn wa, jẹ́ kí ayé mọ bí àrùn yìí ti pọ̀ tó láwùjọ. Àwọn ènìyàn gbà pé itọ́ ẹnu alárùn náà ni ó ń ran ẹlòmíràn, nítorí náà bí ó bá ṣubú sínú iná ìdáná, wọn a sá sẹ́yìn. Níbẹ̀ ni òwe tí mo pa lẹ́ẹ̀kan ti kọjá ààyè rẹ̀: iná kò tilẹ̀ kàn wá, a sì ti ń gbọn ara.

Kí ẹni tí ó ń ka èyí má baà tẹrí ba jù, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí àwọn aláwọ̀ funfun ń ṣe ní ìgbà náà. Ní 1925, Edward Davidson ní Detroit ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí fi tannic acid sí ojú iná. Inú èèpo igi ni nǹkan kíkan yìí wà, òun sì ni àwọn oníṣẹ́ awọ fi ń sọ awọ ẹran di líle. Ojú iná yóò gbẹ, yóò dúdú, yóò yi bí ìsàlẹ̀ bàtà. Fún nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ilé ìwòsàn ńláńlá káàkiri ayé ń ṣe awọ ènìyàn bí ẹni ń ṣe awọ ewúrẹ́, wọ́n sì ń pè é ní ìlọsíwájú. N kò rí ìyàtọ̀ púpọ̀ láàrin rẹ̀ àti ẹyin tí ó gbẹ lára ọmọdé. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n tó rí i pé ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, àti pé ìka àwọn awakọ̀ òfuurufú tí a fi í tọ́jú ń ká kò. Archibald McIndoe, dókítà ọmọ New Zealand tí ó ń ṣiṣẹ́ ní East Grinstead ní Ìlú Ọba, ṣàkíyèsí pé egbò àwọn awakọ̀ tí ó já sínú òkun ń sàn dáradára ju ti àwọn tí ó já sórí ilẹ̀ lọ. Ó pa tannic acid tì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fi omi iyọ̀ lílọ́ wọ́ọ́rọ́ wẹ àwọn aláìsàn rẹ̀. Ọmọ Ifẹ̀ tí ó bá gbọ́ èyí yóò rẹ́rìn-ín músẹ́: Olókun kan náà tí a fi orúkọ rẹ̀ pe igbó oníná ni ó tún fún ayé ní omi tí ó wo ojú iná.

Ní Boston, ní 28 oṣù Kọkànlá 1942, ilé fàájì tí wọ́n ń pè ní Cocoanut Grove jóná, ènìyàn 492 sì kú. Láti ibẹ̀ ni òye túbọ̀ ṣí pé òùngbẹ inú ẹ̀jẹ̀ ni ó ń kọ́kọ́ pa ẹni tí iná jó púpọ̀. Omi ara ń sun jáde láti ojú egbò, ó ń wú inú ẹran ara, ọkàn kò sì rí nǹkan fà mọ́. Ní 1951, A. B. Wallace ní Edinburgh fi ìlànà mẹ́sàn-án-mẹ́sàn-án lélẹ̀: orí jẹ́ 9 nínú 100, apá kọ̀ọ̀kan 9, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan 18, iwájú ara 18, ẹ̀yìn 18, ojú ara 1. Ní 1968, Charles Baxter àti Tom Shires ní ilé ìwòsàn Parkland ní Dallas fi ìṣirò omi lélẹ̀, èyí tí gbogbo wọ́ọ̀dù ṣì ń tẹ̀ lé tàbí tí wọ́n ń tún ṣe.

Ní 1940, nígbà tí tannic acid ṣì wà lórí oyè, ni àwọn ìjọ Adventist ṣí ilé ìwòsàn wọn ní Ilé-Ifẹ̀, ní ayé Ọọ̀ni Adesoji Aderemi. Wọ́n tún ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní iṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀. Iléṣà ti ní Wesley Guild ti àwọn Mẹ́tọ́díìsì ṣáájú èyí. Ní àárín àwọn ọdún 1970, ìjọba gba ilé ìwòsàn Ifẹ̀ náà, a sì da òun àti Wesley Guild pọ̀ mọ́ ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ yunifásítì tí a dá sílẹ̀ ní 1975, èyí tí a fi orúkọ Ọbafẹ́mi Awólọ́wọ̀ pè ní 1987. Ní Ìbàdàn, UCH ti bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tirẹ̀ ní 1952. Kofoworola Abeni Pratt, ọmọ Yorùbá tí ó kọ́ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn St Thomas ní Lọ́ńdọ̀nù, di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ olórí nọ́ọ̀sì níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1960. Ní 1965, Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí fún nọ́ọ̀sì ní dígírì. Ifẹ̀ náà tẹ̀ lé e ní àwọn ọdún 1970. Ní 1969, Ọ̀jọ̀gbọ́n J. O. Oluwasanmi ti Ìbàdàn tẹ iṣẹ́ rẹ̀ lórí ìjóná ní Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà jáde. Ní Ifẹ̀ fúnra rẹ̀, J. K. Olabanji àti A. O. Oladele wà lára àwọn oníṣẹ́ abẹ tí ó kọ̀wé lórí rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ìwé dókítà pọ̀, ó sì yẹ kí ó pọ̀. Ìwé tí nọ́ọ̀sì ń kọ ní wákàtí wákàtí, bébà tí ó ń so kọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, a máa ń dà á nù bí aláìsàn bá ti lọ ilé. Inú bébà náà ni ìtàn tí mo ń sọ yìí wà.

Ẹ jẹ́ kí a mú obìnrin kan tí ó wọn 60 kílò, tí iná jó ìdá 30 nínú 100 ara rẹ̀. Nípa ìṣirò Parkland, mílílítà 4 lọ́nà 60 lọ́nà 30 ni omi tí a óò fà sí i lára ní wákàtí mẹ́rìnlélógún àkọ́kọ́: 7,200. Ìdajì rẹ̀, 3,600, gbọ́dọ̀ wọlé ní wákàtí mẹ́jọ àkọ́kọ́, láti ìgbà tí iná ti jó o ni a sì ti ń ka wákàtí náà. Bí ó bá jẹ́ pé abúlé kan ní ọ̀nà Ifẹ́tẹ̀dó ni ó ti jóná, tí wọ́n sì kọ́kọ́ wá alágbo, tí wọ́n wá mọ́tò, tí wákàtí márùn-ún fi kọjá, wákàtí mẹ́ta péré ni ó kù fún nọ́ọ̀sì láti fi gba 3,600 wọlé. Ìṣirò kò tán síbẹ̀. Omi tí ó pọ̀ jù yóò kún ẹ̀dọ̀fóró, èyí tí ó kéré jù yóò pa kíndìnrín. Ìtọ̀ ni ẹlẹ́rìí: ó yẹ kí àgbàlagbà tọ̀ tó mílílítà 30 sí 60 ní wákàtí kan. Nọ́ọ̀sì ni ó ń ka á, ní aago méjì òru, ní aago mẹ́ta, ní aago mẹ́rin. Bí iná mànàmáná bá lọ, yóò fi tọ́ọ̀ṣì kà á. Ẹnìkan ṣoṣo lè wà lẹ́nu iṣẹ́ fún aláìsàn ogún.

Bí aláìsàn bá la ọjọ́ méjì yìí já, iṣẹ́ mìíràn bẹ̀rẹ̀ tí ó gùn jù. Egbò iná ní láti mọ́ lójoojúmọ́ tàbí ní ọjọ́ méjì méjì. Gọ́ọ̀sì tí ó ti lẹ̀ kò ṣeé fà ya. Omi iyọ̀ ni a fi ń rẹ ẹ́, díẹ̀díẹ̀, fún wákàtí kan nígbà mìíràn. Abẹ́rẹ́ ìrora ní láti ṣáájú, kì í sì í dọ́gba pẹ̀lú ìrora náà. Ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ dun ènìyàn láti wò ó sàn, kí ó sì tún padà dé ọ̀dọ̀ ẹni náà lọ́la pẹ̀lú ẹ̀rín. Mo ti rí àwọn ọmọdé tí ẹkún wọn ń bẹ̀rẹ̀ bí wọ́n bá ti gbọ́ ìró kẹ̀kẹ́ àtẹ irin náà láti òkèèrè. Nọ́ọ̀sì tí ó ń tì í bọ̀ ń gbọ́ ẹkún náà, kò sì dúró.

Oúnjẹ ńkọ́? Ẹni tí iná jó ń jẹ ara rẹ̀ run ní àjẹsáré. Ẹ wá wo bí nǹkan ti yí padà: ẹyin tí aládùúgbò fọ́ lé egbò lórí, nọ́ọ̀sì ní kí a sè é kí ó gba ẹnu wọlé. Ògì tí a dà sí awọ, òun náà ní kí a fi ẹ̀pà lílọ̀, mílíìkì àti epo díẹ̀ sí i, kí aláìsàn mu ún. Kò sọ ohun ìní wa nù. Ó kàn mọ ọ̀nà tí ó yẹ kí ó gbà ni. Mo fẹ́ràn èyí ju gbogbo àríyànjiyàn wa lórí àṣà àti ọ̀làjú lọ.

Ọ̀tá tí ó kù ni ìrọ̀rùn. Bí ọrùn bá jó, aláìsàn a fẹ́ fi ìrọ̀rí gbé orí sókè, kí àgbọ̀n rẹ̀ kàn àyà, nítorí níbẹ̀ ni ó ti dẹ̀ ẹ́ lára. Bí ó bá sàn síbẹ̀, awọ yóò di àgbọ̀n mọ́ àyà títí ayé. Nítorí náà nọ́ọ̀sì a yọ ìrọ̀rí kúrò. “Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ gbé àgbọ̀n yín sókè.” Màmá a ṣépè. Lọ́la a tún yọ ọ́. Bákan náà ni ti ìgúnpá, ti abíyá, ti ìka ọwọ́: ibi tí ara ti rọ̀ ni ibi tí yóò ti yarọ.

Ta ni àwọn tí iná ń jó? Ní ayé àtijọ́, iná ìdáná àti omi gbígbóná ni ó pọ̀. Kẹrosíìnì wá gba ìjọba lọ́wọ́ wọn. Kẹrosíìnì tí kò ní àbùlà kì í gba iná láìjẹ́ pé ó gbóná tó nǹkan bí 38 Celsius. Pẹtiróòlù ń gbà á kódà nínú òtútù yìnyín. Bí a bá da méjèèjì pọ̀, nítorí èrè tàbí nítorí ọkọ̀ epo tí a kò fọ̀, àtùpà ìyàwó ilé di bọ́ǹbù. Ní 1988, A. O. Grange àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé lórí irú àjálù yìí ní Èkó, ó sì tún ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà káàkiri. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀pá epo: Jesse ní ìpínlẹ̀ Delta ní 1998, Abúlé Ẹ̀gbá ní Èkó ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì 2006, tí ọgọ́ọ̀rọ̀ ènìyàn jóná nídìí epo tí ó ń tú jáde. Ifẹ̀ tún ní iná tirẹ̀ tí ẹnu wa kì í fẹ́ sọ. Láàrin Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ ní 1981, àti láti 1997 sí 2000, ọwọ́ ènìyàn ni ó sọ iná sí òrùlé ènìyàn. Lónìí, afẹ́fẹ́ gáàsì ti ń gba ipò kẹrosíìnì, irú egbò kan náà ni ó sì ń bá a wá.

Owó ni ó ń pinnu púpọ̀ nínú rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1950, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn tọ́jú àwọn ọmọdé lọ́fẹ̀ẹ́. Láti 1979 sí 1983, ní abẹ́ Bọ́lá Ìgè ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́ tí Ifẹ̀ wà nínú rẹ̀, ìtọ́jú ọ̀fẹ́ tún wà fún gbogbo ènìyàn. Lẹ́yìn ètò àtúntò ọrọ̀ ajé 1986, ẹbí ni ó ń ra gọ́ọ̀sì, ibọ̀wọ́, omi ìfàsára àti oògùn. Ètò adójútòfò ìlera bẹ̀rẹ̀ ní 2005, òfin 2022 sì sọ ọ́ di dandan, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ àti aláàtẹ ọjà tí kò ní káàdì rẹ̀ lọ́wọ́ ṣì pọ̀ lọ jàra. Egbò iná ń gba oṣù mẹ́ta, mẹ́rin. Kò sí ilé tálákà tí owó rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ní ìgbà náà ni òwe tiwa ń padà wá: ọkọ ń lọ wá owó, kò dé mọ́, ẹ̀gbọ́n ní òun ní ọmọ ilé ìwé. N kò dá wọn lẹ́bi, iná ń jó àwọn náà. Nọ́ọ̀sì ni ó kù ní wọ́ọ̀dù pẹ̀lú ẹni tí kì í ṣe ọmọ rẹ̀, tí ó ń bá a wá gọ́ọ̀sì tí ó ṣẹ́kù lọ́dọ̀ aláìsàn tí ó ti lọ ilé. Mo ti rí èyí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ní ilé ìwòsàn tí n kò ní í dárúkọ, mo sì rò pé gbogbo ìjọba tí ó ti jẹ ní ilẹ̀ wa láti 1986 ni ó jẹ àwọn obìnrin wọ̀nyí ní gbèsè.

Ojú àpá kì í jọ ojú ara, gbogbo wa mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àpá wa tilẹ̀ máa ń wú ju ti àwọn aláwọ̀ funfun lọ, ó ń yún, ó ń fà. Nítorí náà, ní ọjọ́ tí egbò bá ti jiná tí aláìsàn fẹ́ lọ ilé, nọ́ọ̀sì a pe ìyá rẹ̀ tàbí ìyàwó rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, a sì fi han an bí yóò ti máa fi ìka méjì ra àpá náà, láti àárín lọ sí etí, ní àárọ̀ àti ní alẹ́, fún oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá náà a béèrè irú ìpara tí òun yóò rà, nítorí ẹ̀rù owó ń bà á. Nọ́ọ̀sì a sọ fún un pé kí ó lọ ra òrí ní ọjà.